Àwọn Erin Ń Tà, Ọláolú Ní Wọ́n Ń Rà

Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí kò gbà kí n yí orúkọ òun padà. Ó ní bí mo bá yí i padà, yóò dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló hu ìwà náà. Ọláolú Fámúrewá lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, Èkó ló gbé dàgbà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kà á, ẹ bínú sí i bó bá ṣe yẹ. Òun náà kò tíì dárí ji ara rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ethel, ló pọ̀n ọ́n, òun ló wẹ̀ ẹ́, òun ló fi í síléèwé. Nígbà tí Ethel wá lọ sílé ọkọ ní Sùúrùlérè, kò fi àbúrò rẹ̀ sílẹ̀. Ó mú un dání lọ.

Jethro lọkọ náà ń jẹ́. Ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ọkùnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín àfi bí ẹlòmíràn bá fẹsẹ̀ kọ. Láti ọjọ́ tó ti rí ọmọ náà lẹ́yìn ìyàwó ló ti kórìíra rẹ̀. Kì í pè é lórúkọ. "Ẹrù ìyàwó" ló ń pè é.

Ọláolú dàgbà, ó di akọ̀wé, ó gba yàrá tirẹ̀ ní Múṣín, ó pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Síbẹ̀, bó bá ti yọjú sílé wọn lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, ohùn Jethro ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹrù ìyàwó dé o! Ethel, wá bu oúnjẹ fún ẹrù rẹ."

Ethel yóò gbé oúnjẹ wá, yóò fọwọ́ kan àbúrò rẹ̀ léjìká, yóò padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Aṣọ iléèwé ló ń rán fún gbogbo àdúgbò. Nínú ilé yẹn, ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ló lè pariwo tí Jethro kò ní bá a wí.

Lọ́jọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1978, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kan wà nínú pálọ̀. Jethro kọjú sí Ọláolú.

"Ẹrù ìyàwó, iṣẹ́ wo gan-an lò ń ṣe ní Yábà ná?"

Ọláolú ṣàlàyé. Ó ní ọ́fíìsì àwọn ló ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn tó ní ṣíà, ìyẹn ìpín, nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Bí ẹnìkan bá ta ṣíà rẹ̀ fún ẹnìkejì, ọ̀dọ̀ àwọn ni fọ́ọ̀mù ń parí ìrìn rẹ̀ sí. Òun ni yóò fa ìlà sórí orúkọ ẹni tó tà, òun ni yóò kọ orúkọ ẹni tó rà.

Jethro pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará. Láti àárọ̀ títí dọjọ́rọ̀, orúkọ olówó ló ń kọ. Tirẹ̀ ńkọ́? Kò sí níbẹ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ethel tó ń gbé omi bọ̀ dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì padà sẹ́yìn.

Ẹ̀rín yẹn bá Ọláolú dé Múṣín. Ó bá a dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Lára ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ti Kẹ́sítírọ̀n, ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú. Tiransísítọ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, àwọn wóró kékeré bí orí ìṣó tí rédíò kò lè sọ̀rọ̀ láìsí wọn. Nígbà tí ìjọba pàṣẹ pé kí àwọn òyìnbó ta lára ilé-iṣẹ́ wọn fún ọmọ Nàìjíríà, Kẹ́sítírọ̀n náà ta tirẹ̀. Tíṣà rà, nọ́ọ̀sì rà, oníṣòwò Ìjẹ̀bú rà.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rà, ilẹ̀ ń mì. Ọ̀kan ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ní Màrínà. Èkejì ni àpò owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ sìmẹ́ńtì kan. Àwọn yìí kì í ra ọgọ́rùn-ún tàbí igba. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni wọ́n ń rà lẹ́ẹ̀kan.

Ọláolú ṣàkíyèsí ohun kan. Bí fọ́ọ̀mù adójútòfò bá dé orí tábìlì òun, tí ti àpò ìfẹ̀yìntì sì tẹ̀lé e, kì í pé oṣù kan tí ìwé ìròyìn á fi sọ pé owó ṣíà Kẹ́sítírọ̀n ti gòkè. Kí ará ìlú tó gbọ́, òun ti rí i. Kò sẹ́lòmíràn ní gbogbo Èkó tó ń jókòó síbi tí òun jókòó sí.

Ó ra ìwé kékeré kan. Ó kọ ẹni tó rà sápá kan, ẹni tó tà sápá kejì, pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ó sọ àwọn ńlá wọ̀nyẹn ní erin. Ó ní ẹni tó bá ń tẹ̀lé erin lẹ́yìn, ìrì kò ní í pa á.

Ó mọ̀ pé èèwọ̀ ni. Ọ̀gá Fàsásì tó jẹ́ olórí ọ́fíìsì náà ti kìlọ̀ fún gbogbo wọn lọ́jọ́ tí wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́. "Ohun tí ẹ bá rí nínú ìwé yìí, kò gbọdọ̀ bá yín délé. Ẹnikẹ́ni nínú yín kò sì gbọdọ̀ ra ṣíà tí a ń tọ́jú ìwé rẹ̀. Bí mo bá gbọ́ ọ, mi ò ní bá yín jà. Màá kàn fi ẹnu ọ̀nà hàn yín ni."

Ọláolú rà á. Kò fi orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ rà á. Wọ́n ti ṣèrìbọmi fún un gẹ́gẹ́ bí Christopher, orúkọ tí ẹnì kan kì í fi pè é. Ó wá fi Ìlúyọmádé kún un, orúkọ bàbá tó bí ìyá rẹ̀. Yẹ̀kínnì, alágbàtà ṣíà kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù ní Ojú Ẹlẹ́gbà, ló bá a rà á.

"Christopher ni ẹ ń jẹ́ báyìí?" Yẹ̀kínnì bi í, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé orúkọ lẹ fẹ́ tà ni àbí ṣíà?"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá mi. Èmi ò rí nǹkan kan."

Kò pé oṣù mẹ́ta tí owó náà fi di ìlọ́po méjì. Nígbà tí àwọn erin tún rà, Ọláolú tún rà. Ó ra bàtà aláwọ tuntun kan, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tí ilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀.

Bàtà yẹn ló tú u fó. Jethro wò ó láti ìsàlẹ̀ dókè lọ́jọ́ Ìsinmi.

"Ta lo jí i lọ́wọ́ rẹ̀?"

Bó bá jẹ́ pé ó dákẹ́ ni, bóyá mi ò ní máa kọ ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n ọdún méjìlélógún ló ti ń gbé ìwọ̀sí yẹn mì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò jalè. Mo ń tẹ̀lé erin ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ bí òun ṣe ń rí ohun tí àwọn ńlá ń rà àti ohun tí wọ́n ń tà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ó fẹ́ kí ojú Jethro yí padà. Ojú náà sì yí padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bó ṣe rò.

Jethro rọra gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. "Ọ̀gá yín ní Yábà, ṣé ó mọ̀?"

Ọláolú wo bàtà rẹ̀.

"Mo rò bẹ́ẹ̀. Láti òní lọ, ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, kí o tó fọwọ́ kan oúnjẹ nínú ilé yìí, wàá sọ ohun tí àwọn erin rẹ ń ṣe fún mi. Ọjọ́ tó o bá gbàgbé, màá wọ ọkọ̀ lọ kí ọ̀gá rẹ."

Bí Ọláolú ṣe di ẹrú nìyẹn. Jethro náà lọ bá Yẹ̀kínnì, ó ra ṣíà tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì jèrè. Kò dúpẹ́ rí. Dípò ọpẹ́, èébú ló ń pọ̀ sí i.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, nǹkan yí padà lórí tábìlì Ọláolú. Adójútòfò bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Kò tà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹgbẹ̀rún méjì lónìí, ẹgbẹ̀rún kan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, fún oríṣiríṣi èèyàn kéékèèké. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àpò ìfẹ̀yìntì náà bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Ìwé ìròyìn kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Iye rẹ̀ lọ́jà kò tíì wálẹ̀ rárá. Àwọn tó ń rà á ń yọ̀ pé àwọn rí i rà.

Ọláolú yẹ ìwé kékeré rẹ̀ wò. Erin kì í yí ẹ̀yìn padà lásán. Ó ní láti jẹ́ pé wọ́n ti gbọ́ ohun kan láti òkè òkun. Ó sáré lọ bá Yẹ̀kínnì.

"Ẹ bá mi ta gbogbo rẹ̀."

"Gbogbo rẹ̀? Ìgbà tó ń dùn?"

"Ẹ tà á."

"Ó dáa. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Màá rí ẹni tó máa rà á."

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, àlejò tún kún pálọ̀ Jethro. Wọ́n jẹun tán. Ọláolú fẹ́ dìde lọ. Jethro na ìka sí àwọn àwo ìdọ̀tí.

"Ẹrù ìyàwó, kó wọn lọ sẹ́yìn."

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà ní kíṣìnnì."

"Ìwọ ni mo ní kó o kó wọn. Àbí bàtà ti gun orí rẹ? Ìyá rẹ mọ ohun tó ń bọ̀, ló fi tètè kú kó má bàa rí ọ."

Ọláolú kó àwọn àwo náà. Nígbà tó padà dé, àwọn àlejò ti ń dágbére. Ó dúró títí ó fi ku òun àti Jethro.

"Àwọn erin ńkọ́?" Jethro bi í.

Ọláolú sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu òun kí òun tó rò ó. Ó ní ó dùn lẹ́nu bí oyin.

"Wọ́n ń rà, Ẹ̀gbọ́n. Wọn ò tíì rà bẹ́ẹ̀ rí. Bí ẹ bá ní owó kankan níbikíbi, àsìkò rẹ̀ nìyí."

Jethro tẹjú mọ́ ọn pẹ́. "Ó dá ọ lójú?"

"Bí ẹ bá fi ilé yìí yá owó, ẹ ò ní kábàámọ̀."

Ó fẹ́ kí Jethro fi ilé yáwó. Ó fẹ́ rí i lójú títì pẹ̀lú fìlà rẹ̀ àti àpótí rẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ náà, ìró ẹ̀rọ ìránṣọ dáwọ́ dúró nínú yàrá kejì. Kò fura.

Ethel sìn ín dé géètì lọ́jọ́ yẹn. Kì í sábà sìn ín débẹ̀. Ó fọwọ́ mú irin géètì náà, ó wo ẹ̀yìn, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọláolú, ohun tó o sọ fún un yẹn, ṣé òótọ́ ni?"

Ọláolú rò pé Jethro ló rán an. Ó rò pé bí òun bá sọ òótọ́ fún un, òótọ́ náà á dé pálọ̀ kí òun tó dé Ojú Ẹlẹ́gbà. Ó wo ojú obìnrin tó pọ̀n ọ́n dàgbà.

"Òótọ́ ni, Àǹtí mi."

"O mọ̀ pé mi ò mọ ìwé ṣíà. Ìwọ ni mo ń bi."

"Òótọ́ ni. Kí wọ́n tètè rà á."

Ethel mí kanlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí Ọláolú kò rí lójú rẹ̀ láti ọdún mélòó kan. "Ọlọ́run á ṣe ọ́ ní èèyàn," ó wí, ó sì padà wọlé.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, ìdì fọ́ọ̀mù kan dé láti ọ́fíìsì Yẹ̀kínnì. Ọláolú tú u lórí tábìlì rẹ̀.

Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ti Jethro. Ó tà á. Ó ti ta gbogbo ṣíà Kẹ́sítírọ̀n tó ní, kò ku ẹyọ kan.

Ọláolú kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ kejì ọjọ́ tí òun purọ́ fún un. Ó bú Jethro nínú ara rẹ̀, ó sì ṣí fọ́ọ̀mù kejì.

Ẹni tó tà: Christopher Ìlúyọmádé. Òun fúnra rẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tó rà: Ethel Fámúrewá.

Kò kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ síbẹ̀. Orúkọ bàbá wọn ló kọ, orúkọ tí àwọn méjèèjì jọ ń jẹ́ kí Jethro tó dé. Ọláolú mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé Jethro kò mọ̀ nípa rẹ̀. Owó ara rẹ̀ ni, owó aṣọ iléèwé, owó ìdí ẹ̀rọ.

Ọ̀nà wà láti dá a dúró. Bí ìbuwọ́lù kò bá jọra, wọ́n máa ń dá fọ́ọ̀mù padà. Bí nọ́ńbà kan bá fẹsẹ̀ kọ, wọ́n máa ń dá a padà. Ojoojúmọ́ ni òun ń dá fọ́ọ̀mù padà lórí ohun tí kò tó nǹkan. Bó bá dá èyí padà, kó lọ bá Ethel lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kó wí fún un pé, "Àǹtí mi, mo purọ́, ẹ gba owó yín," gbogbo rẹ̀ á parí síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ṣíà náà á padà di tirẹ̀. Ta ló sì tún máa rà á?

Ó ti fọ́ọ̀mù náà sínú dúróọ̀. Ó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kìíní, ó ní bóyá Kẹ́sítírọ̀n kò ní ṣubú. Lọ́jọ́ kejì, ó ní bó bá tiẹ̀ ṣubú, òun á fi èrè òun ràn án lọ́wọ́ nígbà tó bá yá. Lọ́jọ́ kẹta, Ọ̀gá Fàsásì dúró sẹ́yìn àga rẹ̀.

"Àwọn fọ́ọ̀mù Yẹ̀kínnì ńkọ́? Ṣé nǹkan ṣe wọ́n ni?"

"Rárá, sà. Kò sí nǹkan kan."

Ó mú kálàmù. Ó fa ìlà sórí orúkọ Christopher Ìlúyọmádé. Ó kọ Ethel Fámúrewá sísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì lu òǹtẹ̀. Ó ní òun kò sọkún. Ó ní ohun tó ń ba òun nínú jẹ́ jù títí dòní nìyẹn: ọkàn òun fúyẹ́, òun sì lọ ra ẹran suya.

Nígbà tí oṣù kọkànlá yóò fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti jáde nínú ìwé ìròyìn. Àwọn òyìnbó tó ń fi èròjà ránṣẹ́ sí Kẹ́sítírọ̀n ti dáwọ́ dúró. Wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà pa ní Ìlúpéjú. Àwọn òṣìṣẹ́ dúró sẹ́nu géètì, wọ́n ń bú ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Ṣíà Kẹ́sítírọ̀n di ohun tí ẹnì kan kò béèrè mọ́.

Ọláolú kò lọ sí Sùúrùlérè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Jethro ló wá bá a.

Ọjọ́bọ̀ ni, nǹkan bí agogo mọ́kànlá àárọ̀. Ọláolú gbójú sókè, ó rí i lẹ́nu kàńtà, ó wọ kóòtù, ó di àpò ìwé mọ́ abíyá. Kò tiẹ̀ wo Ọláolú.

"Mo fẹ́ rí ọ̀gá ibí."

Ọ̀gá Fàsásì jáde. "Kí la lè ṣe fún yín, bàbá?"

"Mo gbọ́ pé òfin gba ẹnikẹ́ni láàyè láti wo ìwé orúkọ àwọn tó ní ṣíà. Ti Kẹ́sítírọ̀n ni mo fẹ́ wò."

"Bẹ́ẹ̀ ni òfin wí. Ọláolú, gbé e wá fún bàbá."

Ọláolú gbé e. Ìwé ńlá ni, ó sì wúwo. Ó gbé e lé kàńtà láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ọ̀gá," Jethro wí, ó ń ṣí ojú ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, "akọ̀wé yín yìí, àna mi ni. Ó ń sọ ohun tó wà nínú ìwé yín kiri. Ó ń sọ ẹni tó ń rà, ó ń sọ ẹni tó ń tà. Lóṣù kẹjọ, ó ní kí n fi ilé mi yáwó ra Kẹ́sítírọ̀n. Mo bi ara mi pé, ẹni tó kórìíra mi tó báyìí, láti ìgbà wo ló ti ń fẹ́ kí n là? Ọjọ́ kejì ni mo ta tèmi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òun náà ta tirẹ̀. Fámúrewá lorúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wá Fámúrewá."

Ìka rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ lórí ìwé. Ọláolú ń wo ìka náà.

"Fámúrewá rèé," Jethro wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó súnmọ́ ìwé náà. "Ethel. Ethel Fámúrewá?"

Gbogbo akọ̀wé inú ọ́fíìsì ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

"Ta ló tà á fún un?"

Ọ̀gá Fàsásì tẹ̀ síwájú, ó kà á. "Ẹnìkan tó ń jẹ́ Christopher Ìlúyọmádé."

Jethro bọ́ dígí ojú rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ó yíjú sí Ọláolú.

"Ìlúyọmádé ni bàbá tó bí ìyá ìyàwó mi. Christopher sì nìyí. Èmi ni mo dúró fún un lọ́jọ́ tí wọ́n ṣèrìbọmi fún un."

"Ọláolú," Ọ̀gá Fàsásì wí, ohùn rẹ̀ kò le rárá, "ṣé ìwọ ni?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló kọ orúkọ obìnrin yìí síbí?"

"Èmi ni, sà."

"Kí ló jẹ́ sí ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà."

Ọ̀gá Fàsásì pa ìwé náà dé. "Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mo ti rí olè, ṣùgbọ́n mi ò rí irú èyí rí. Gbé kọ́kọ́rọ́ dúróọ̀ rẹ sílẹ̀ kí o máa lọ. Má fọwọ́ kan ohunkóhun."

Ṣùgbọ́n Jethro kò dúró wò ó. Ohun tó wá wá ti bọ́ lọ́kàn rẹ̀. "Níbo ni Ethel ti rówó?" ló ń wí fún ara rẹ̀ bó ṣe ń jáde. "Níbo ló ti rówó?" Ó dá takisí dúró lójú títì.

Ọláolú kò ní takisí. Ó fẹsẹ̀ rìn, ó sáré, ó tún rìn, láti Yábà dé Sùúrùlérè nínú oòrùn. Nígbà tó wọlé, Jethro ti dúró lé ẹ̀rọ ìránṣọ lórí.

"Mo ní owó ta ni?"

"Owó mi ni," Ethel wí. Kò dìde. "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi rán aṣọ kó o jọ."

"Láti fi ṣe kí ni?"

"Láti fi gba ṣọ́ọ̀bù kan ní Tejúoṣó, pẹ̀lú yàrá kan lẹ́yìn rẹ̀. Kí n lè kúrò nílé yín."

Jethro rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà burú ju èébú lọ. "Kúrò? Ó ku kí o kúrò! Àbúrò rẹ ló jẹ owó náà. Òun ló ta ṣíà tó ń kú lọ fún ọ. Wò ó lẹ́nu ọ̀nà, bi í."

Ethel yíjú. Aṣọ iléèwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, aláwọ̀ ewé, apá rẹ̀ kan kò tíì sí.

"Irọ́ ló ń pa. Àbí, Ọláolú?"

"Àǹtí mi, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa rà á. Òun ni mo fẹ́ kó ra—"

"Ìgbà wo lo wá mọ̀?"

"Ìgbà tí fọ́ọ̀mù dé ọwọ́ mi."

"Ṣé o lè dá a padà nígbà yẹn?"

Ọláolú wo ilẹ̀. "Mo lè dá a padà."

"Kí ló dé tí o ò dá a padà?"

Ó ní gbogbo ẹjọ́ tí òun ti rò láti Yábà fò lọ lórí òun. Òótọ́ nìkan ló kù.

"Mi ò fẹ́ kí owó mi ṣòfò."

Ethel rọra gbé aṣọ náà sílẹ̀. "Ní géètì, mo bi ọ́," ó wí. "Mi ò bi alágbàtà. Mi ò bi Jethro. Ìwọ ni mo bi."

Ọláolú kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú Jethro, ó ń bẹ Ethel. Jethro ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ń ní kí àwọn méjèèjì jáde kúrò nílé òun, ó ń pe ọ̀kan ní olè, ó ń pe èkejì ní ọ̀dàlẹ̀. Ethel kò dá ẹnì kankan lóhùn. Ó wọ yàrá, ó di aṣọ rẹ̀ sínú àpótí kan. Ó fi bàǹtẹ́ bo ẹ̀rọ ìránṣọ, ó tú u kúrò lórí igi rẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà.

"Ẹ má wulẹ̀ lé mi mọ́," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Mo ti ń lọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́."

Ọláolú na ọwọ́ láti bá a gbé àpótí. Ethel gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Àwọn àgbà ní òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Ọláolú ní kí n fi tiẹ̀ kún un fún yín: ẹ má rò pé òkò náà ń pòórá. Ibì kan ló ń balẹ̀ sí, ẹni tó sì máa bà lè jẹ́ ẹni tó dúró tì yín jù lọ.

Iléṣà ni Ethel gbà lọ. Ọláolú ríṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń la pákó ní Múṣín. Ó ta bàtà, ó ta rédíò, ó ta àga. Ó kó o mọ́ owó tó rí lórí ṣíà náà títí ó fi pé bí Ethel ṣe san án. Ní àsìkò ọyẹ́ ọdún 1979, ó fi í sínú àpò, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Iléṣà.

Ó bá a lẹ́nu ọ̀nà ilé kékeré kan, ó ń rán aṣọ. Ethel gbójú sókè. Kò bínú. Kò sì yọ̀. Ó dìde, ó fa àga kan síwájú.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ó wí. "Ẹ jókòó. Ẹ kú ìrìn."

Ọláolú rò pé òun ṣì í gbọ́ ni. Ẹni tó wẹ̀ ẹ́, tó nu imú rẹ̀, ló ń kí i ní "ẹ".

"Àǹtí mi, èmi ni."

"Mo rí yín, sà. Ṣé kí n fún yín lómi?"

Ó fún un lómi nínú ife gíláàsì, lórí àwo, bí wọ́n ṣe ń fún àlejò. Ọláolú na àpò owó náà sí i. Ó gbà á, ó wo inú rẹ̀, ó sì gbé e wọlé. Nígbà tó jáde, ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Ẹ kò jẹ mí ní nǹkan kan mọ́."

Ọláolú sọkún níbẹ̀, lójú oòrùn, lójú àwọn aládùúgbò. Ó ní kó bú òun. Ó ní kó gbá òun létí. Ethel dúró tì í, ó fọwọ́ kọ́ ẹ̀yìn, títí ó fi sọkún tán.

Lẹ́yìn náà ó sìn ín dé ojú títì, bó ṣe yẹ kí ọmọlúàbí sin àlejò. Ó dúró títí ọkọ̀ fi dé. Bí Ọláolú ṣe ń wọlé sínú ọkọ̀, ó gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn.

"Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé o."

Ethel nìkan ṣoṣo ni ará ilé tí Ọláolú ní láyé.